Business name tàbí Limited: èwo ló yẹ kí ẹ gbà ní CAC?

Ẹni tó bá wọ ojú-ìwé CAC (Corporate Affairs Commission), àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀ ní Nàìjíríà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti gba orúkọ fún òwò rẹ̀, irú ìforúkọsílẹ̀ tó fẹ́ ló ní láti kọ́kọ́ mọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń mú èyí tọ́wọ́ wọn bá kọ́kọ́ bà, nítorí pé orúkọ nìkan ni wọ́n ti ń rò bọ̀. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀rá, wọ́n ti kọ ọ́ sára pátákó, wọn ò sì tí ì bi ara wọn léèrè pé ta ni gbèsè òwò náà máa wá bá lọ́jọ́ tí nǹkan bá dàrú.

Ní Nàìjíríà, méjì ló wọ́pọ̀ jù: business name, tí nọ́ńbà rẹ̀ máa ń ní BN níwájú, àti ilé-iṣẹ́ Limited, tí tiẹ̀ máa ń ní RC. Òfin kan náà ló dá wọn sílẹ̀, ìyẹn CAMA (Companies and Allied Matters Act), òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 tó rọ́pò ti 1990. Ọ́fíìsì kan náà ló ń fúnni ní sátífíkéètì wọn, ọ̀nà tí a sì ń gbà di orúkọ wọn mú fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu délẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ máa rí gbà yàtọ̀ síra gan-an. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má fi bí òwò ṣe tóbi tó yan. Gbèsè ni kí ẹ fi yan.

Ta ni gbèsè ń wá?

Lójú òfin, ara kan náà ni ẹni tó ni business name àti òwò rẹ̀. Sátífíkéètì tí CAC fún un kàn ń jẹ́ kí aráyé mọ ẹni tó wà lẹ́yìn orúkọ ara pátákó ni. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó ń ṣe búrẹ́dì, ó sì jẹ oníyẹ̀fun ní ₦4,000,000. Kò sí ògiri kankan láàárín owó ilé búrẹ́dì àti owó ilé rẹ̀. Bí ilé-ẹjọ́ bá ti dá a lẹ́bi, wọ́n lè ta ọkọ̀ tó fi ń gbé ọmọ lọ sílé-ìwé, wọ́n lè fọwọ́ kan àkáùntì tó wà lórúkọ ara rẹ̀, wọ́n sì lè dé orí ilẹ̀ tó ti rà kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun.

Bí ẹni méjì bá jọ gba business name, ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Alájọṣe ni òfin pè wọ́n, gbèsè tí ọ̀kan bá sì jẹ lórúkọ òwò, ẹni tí wọ́n jẹ lówó lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kejì, kì í ṣe ìdajì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ tó kọ orúkọ ọ̀rẹ́ yín mọ́ tiyín sórí fọ́ọ̀mù.

Limited yàtọ̀. Láti ọjọ́ tó wà lórí sátífíkéètì rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ náà ti di ẹ̀dá kan lọ́tọ̀ lójú òfin. Ó lè ra ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, ó lè pe èèyàn lẹ́jọ́, èèyàn lè pe òun náà lẹ́jọ́, tirẹ̀ sì ni gbèsè rẹ̀. Ohun tí onípìn-ín, ìyẹn ẹni tó ní ìpín (share) nínú ilé-iṣẹ́, lè pàdánù kò kọjá owó ìpín tó gbà. Bí onípìn-ín bá kú, ilé-iṣẹ́ ò bá a kú, ìpín rẹ̀ ló máa bọ́ sọ́wọ́ àwọn ajogún. Ní ti business name ẹlẹ́nì kan, tí báńkì bá ti gbọ́ pé ẹni tó ni ín ti kú, wọ́n máa ti àkáùntì náà pa títí mọ̀lẹ́bí á fi gba ìwé àṣẹ ogún ní ilé-ẹjọ́. Ọjà á máa bàjẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, owó á wà ní báńkì, kò ní sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án.

Ògiri Limited náà ní ibi tó ti lè lu. Tí ẹ bá fẹ́ yá owó ní báńkì fún ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sábà máa ní kí olùdarí fúnra rẹ̀ dúró fún owó náà. Bó bá ti fọwọ́ sí i, gbèsè yẹn ti di tirẹ̀. Ẹni tó fi ilé-iṣẹ́ lu jìbìtì kò rí ibi sá sí. Ẹni tó ń gba owó ilé-iṣẹ́ sínú àkáùntì ara rẹ̀, tó ń fi owó ilé-iṣẹ́ san owó ilé-ìwé ọmọ láìṣe àkọsílẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń wó ògiri náà.

Nítorí náà, aránṣọ, onídìrí, ẹni tó ń ta aṣọ lórí Instagram, olùkọ́ tó ń ṣe lẹ́sìnnì, oníPOS tó ní kíọ́ọ̀sì kan: business name tó wọn. (Ní oṣù karùn-ún 2024 ni CAC àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fún oníPOS ní ẹ̀rọ fẹnu kò pé kí gbogbo wọn forúkọ sílẹ̀, ọjọ́ keje oṣù keje ni wọ́n sì kọ́kọ́ dá. Ọ̀pọ̀ ló rò pé Limited ni wọ́n ní láti gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀.) Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́lé fún èèyàn, ẹni tó ní ọkọ̀ akérò tàbí tírélà, ẹni tó ń ṣe oúnjẹ tàbí ìpara tí ẹni tí kò mọ̀ rí máa lò, ẹni tó ń gba ọjà àwìn tó pọ̀, àti ẹni tó bá ń fi owó pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn: kí ó gba Limited, kódà bí òwò náà kò bá ju inú yàrá kan lọ. Ìjàmbá ọkọ̀ ẹyọ kan lè mú gbèsè wá tó ju ohun tí aránṣọ máa jẹ ní gbogbo ayé rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Ohun tí à ń wò | Business name | Limited |
|---|---|---|
| Iye èèyàn | Ẹnì kan tó. Àwọn alájọṣe kò gbọdọ̀ ju 20 lọ | Ẹnì kan tó. Àwọn onípìn-ín kò gbọdọ̀ ju 50 lọ |
| Owó ìpín | Kò sí | Ó kéré tán, ₦100,000 |
| Ìparí orúkọ | Ohun tó bá wù yín, bíi Ventures tàbí Enterprises, àmọ́ kò gbọdọ̀ ní Limited | Limited tàbí Ltd, dandan ni |
| Owó CAC | Iye kan ṣoṣo | Ó ń gòkè bí owó ìpín bá ṣe ń gòkè |
| Gbèsè | Ó kan ilé àti ọ̀nà yín | Ó dúró lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ |
| Owó orí | Ẹni tó ni ín ló ń san án fún ìpínlẹ̀ tó ń gbé | Ilé-iṣẹ́ ló ń san án fún ìjọba àpapọ̀ |
| Ìjábọ̀ ọdọọdún fún CAC (annual return) | Kò gbọdọ̀ kọjá 30 oṣù kẹfà | Ọjọ́ 42 lẹ́yìn ìpàdé gbogbogbòò ọdún |
| Ìyípadà ẹni tó ni ín | Ó ní wàhálà díẹ̀ | Ẹ kàn máa gbé ìpín fún ẹlòmíràn ni |

Ìwé pọ̀ nínú Limited, ìyẹn ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá. Ṣùgbọ́n òfin 2020 ti dẹ ìdè náà fún ilé-iṣẹ́ kéékèèké. Ilé-iṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju ₦120,000,000 lọ, tí ohun ìní rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá yọ gbèsè kò ju ₦60,000,000, tí kò sí àjèjì tàbí ìjọba nínú àwọn onípìn-ín rẹ̀, tí ó kéré tán ìpín 51 nínú 100 sì wà lọ́wọ́ àwọn olùdarí, ilé-iṣẹ́ kékeré ni òfin pè é. Olùdarí kan ti tó o, kò pọndandan kó ní akọ̀wé ilé-iṣẹ́, kò sì pọndandan kí ó pe àwọn ayẹ̀wéwò (auditor) wá yẹ ìwé owó rẹ̀ wò. Ẹnì kan ṣoṣo lè dá a sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń sọ fún yín pé ẹ gbọ́dọ̀ wá ẹnì kejì tó máa jẹ́ olùdarí, tí ẹ wá fi orúkọ àbúrò yín dí àyè, òfin àná ló ń kà fún yín.

Dídi orúkọ mú

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní CAC, àkọsílẹ̀ gbogbo orúkọ tó ti wà nílẹ̀ ni ilé tí ẹ máa wò, gbogbo ayé ló sì lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má tẹ orúkọ yín lódindi síbẹ̀. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ ọkàn orúkọ náà. Ẹni tó bá tẹ "Adunbarin Fashion House" lè má rí nǹkan kan, kó sì máa yọ̀. Bó bá tẹ "Adunbarin" nìkan ló tó máa rí àwọn tó ti ṣáájú rẹ̀. Ẹ tún dán oríṣiríṣi ọ̀nà tí a ń gbà kọ ọ́ wò: Sola àti Shola, Ayo àti Ayoh, èyí tí wọ́n so pọ̀ àti èyí tí wọ́n pín sí méjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àkáùntì lórí ojú-ìwé ìforúkọsílẹ̀. NIN yín, nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì ni ẹ máa fi ṣí i. Ímeèlì ara yín ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti ọmọ kíọ́ọ̀sì tó ń bá yín tẹ̀ ẹ́, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo ìwé máa wá, ibẹ̀ náà ni ẹ máa gbà bí ẹ bá fẹ́ yí ohunkóhun padà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ẹ yan irú ìforúkọsílẹ̀ àti irú òwò, ẹ kọ orúkọ méjì sílẹ̀, èyí tí ẹ fẹ́ jù ṣíwájú, ẹ san owó, ẹ dúró de èsì.

Orúkọ kejì yẹn ni ọ̀pọ̀ ń fi ṣòfò. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ "Ireti Foods", tí wọ́n wá kọ "Ireti Food Ventures" sí èkejì, ohun tó bá pa èkíní ló máa pa èkejì. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ọkàn èkejì yàtọ̀ pátápátá.

Bí CAC bá fọwọ́ sí i, wọ́n á di orúkọ náà mú fún yín, kò sì ní kọjá ọjọ́ 60. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, wọn ò ní forúkọ náà tàbí èyí tó fara jọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí ọjọ́ 60 bá pé tí ẹ ò tíì parí ìforúkọsílẹ̀, ọwọ́ yín ti bọ́ kúrò lára rẹ̀. Ẹ máa tún owó san, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn sì lè ti mú un lọ. Ẹ kó NIN, fọ́tò pásípọ́ọ̀tì, ìbuwọ́lùwé àti àdírẹ́sì gbogbo àwọn tó kàn jọ *kí* ẹ tó di orúkọ mú. Ohun tó sábà ń jẹ ọjọ́ 60 yẹn tán ni pé alájọṣe kan wà lókè òkun tí NIN rẹ̀ kò tíì jáde, tàbí tí orúkọ tó wà lórí NIN rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń jẹ́ báyìí nítorí ìgbéyàwó.

Ọ̀rọ̀ tí a gbọ́dọ̀ tẹnu mọ́: orúkọ tí a dì mú kì í ṣe orúkọ tí a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má tẹ káàdì, ẹ má kọ pátákó, ẹ má ṣe ọ̀rá ẹgbẹ̀rún márùn-ún lórí ìwé ìdìmú nìkan.

Orúkọ Yorùbá àti àmì ohùn

A kì í sábà rí i kí wọ́n sọ èyí fún èèyàn, bẹ́ẹ̀ sì ni òun gan-an ló ń dá orúkọ wa padà jù. Láìsí àmì ohùn ni a máa ń tẹ orúkọ sórí àkọsílẹ̀ CAC. Owó, òwò, ọwọ́, ìlú Ọ̀wọ̀, gbogbo wọn di "Owo" níbẹ̀. Ìfẹ́ tí a ní sí ara wa àti Ifẹ̀ tó jẹ́ orírun, "Ife" ni àwọn méjèèjì. Ẹni tó fẹ́ "Ìfẹ́ Foods" máa kọsẹ̀ lára ẹni tó ti gba ti ìlú Ifẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọmọ Yorùbá kan tó máa ṣi àwọn méjèèjì gbọ́. Ẹ má bá ẹ̀rọ jà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tó gùn díẹ̀ yanjú rẹ̀: gbólóhùn bíi "Owolayefinba" máa ń rí ọ̀nà gbà níbi tí "Owo" nìkan kò ti lè rí.

Irú orúkọ kejì tó ń kọsẹ̀ ni orúkọ ìdúpẹ́. Oluwaseun, Iseoluwa, Olorunsogo, Ayomide: ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń fi wọ́n pe òwò. Ìkíní ìdílé, oríkì tó ṣọ̀wọ́n, orúkọ agbolé, orúkọ iṣẹ́ tí bàbá-ńlá yín ṣe, àwọn wọ̀nyí ni kò tíì kún. Àti pé ó sàn kí orúkọ ní ọ̀rọ̀ méjì tí a kì í sábà gbọ́ pa pọ̀ ju kí ó ní ọ̀rọ̀ kan tó dùn tí gbogbo ayé fẹ́.

Ẹ má sì rò pé fífi "Nigeria", "Global", "International" tàbí lẹ́tà *s* kún orúkọ ẹlòmíràn ti sọ ọ́ di tiyín. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá aráàlú lè ṣì í mú.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ò lè kàn lò

Federal, National, Regional, State, Government, Municipal, Chartered, Co-operative, Building Society, Group, Holding: ìyọ̀ǹda CAC ni ẹ máa kọ́kọ́ gbà kí èyíkéyìí nínú wọn tó wọ orúkọ yín. Ẹni tó fẹ́ Group gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí àwọn ilé-iṣẹ́ tó pé jọ sínú ẹgbẹ́ náà. "Chamber of Commerce" wà fún ilé-iṣẹ́ tí kò pín èrè nìkan. Bank, Insurance àti àwọn ẹgbẹ́ wọn nílò ìwé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà, bíi CBN fún báńkì àti NAICOM fún ìbánigbófò (insurance). Iṣẹ́ tó nílò ìwé ẹ̀rí amọṣẹ́, bíi ti apòògùn, ayàwòrán-ilé tàbí ẹnjiníà, máa béèrè ìwé ẹgbẹ́ iṣẹ́ yẹn. Bí orúkọ yín bá fara jọ àmì òwò tí ẹlòmíràn ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, CAC ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ọ́, àfi tí ẹni náà bá fún yín ní ìwé ìyọ̀ǹda.

Ẹnì kan wà tí òfin yọ̀ǹda fún pátápátá: ẹni tó ń fi orúkọ àbísọ àti orúkọ ìdílé rẹ̀ gan-an ṣòwò, láìfi ohunkóhun kún un. Kò pọndandan kó gba business name. Ṣùgbọ́n bó bá ti fi "and Daughters" tàbí "Catering" kún un, ó ti kúrò lábẹ́ ààbò yẹn.

Kíkọ fọ́ọ̀mù: ibi tó ti ń bàjẹ́

Ti business name rọrùn. Orúkọ, àdírẹ́sì òwò, irú òwò, ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, orúkọ àti NIN ẹni tó ni ín, fọ́tò, ìbuwọ́lùwé. Àpótí ìfìwéránṣẹ́ kì í ṣe àdírẹ́sì; ilé tó ní nọ́ńbà àti àdúgbò ni wọ́n fẹ́. Ẹ fọwọ́ síwèé lórí bébà funfun pẹ̀lú báírò dúdú, ẹ yà á ní ojúmọmọ, nítorí òjìji ọwọ́ lórí ìbuwọ́lùwé wà lára ohun tó ń mú kí wọ́n dá fọ́ọ̀mù padà. Ẹ kọ irú òwò kí ó bá orúkọ mu. "Foods" lára pátákó, "ìkọ́lé" nínú fọ́ọ̀mù, ìbéèrè ló máa bí.

Ti Limited ní ohun mẹ́ta tó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Àkọ́kọ́ ni ìpín. Ọ̀pọ̀ máa ń kọ ìpín 1,000,000 ní ₦1 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò ní kó owó yẹn lọ fi han CAC, ṣùgbọ́n kì í ṣe nọ́ńbà ọ̀ṣọ́. Òfin 2020 ti pa ìpín tí a kọ sílẹ̀ láìpín in fún ẹnikẹ́ni rẹ́. Gbogbo ìpín gbọ́dọ̀ ní olúwa. Tí ẹ bá gba ìpín mílíọ̀nù kan láìsan owó rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ wá wó, ẹni tó bá ń kó ohun ìní rẹ̀ jọ láti san gbèsè lè wá gba mílíọ̀nù náà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá kọ ₦100,000,000 nítorí pé ó dùn ún gbọ́ ti san owó CAC tó pọ̀ jù, ó sì tún ti fi ọrùn ara rẹ̀ kọ́.

Ìkejì ni ìwé ìṣàkóso (memorandum and articles), ìwé tó sọ ohun tí ilé-iṣẹ́ máa ṣe àti bí wọ́n ṣe máa ṣàkóso rẹ̀. CAC ní èyí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tí ẹ lè mú, ó sì tó fún ẹni tó dá wà. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó fẹ́ jọ ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ mú un lásán. Bí ẹ bá jẹ́ méjì tí ìpín yín jẹ́ 50 sí 50, tí ẹnu yín kò bá kò, kò sí ìdìbò tó lè yanjú rẹ̀. Ẹ kọ sínú rẹ̀ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ọ̀kan bá fẹ́ jáde, àti ẹni tó kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti ra ìpín rẹ̀. Níbí ni owó lọ́yà ti tọ́.

Ìkẹta ni àwọn tó ní agbára gidi lórí ilé-iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìpín 5 nínú 100 ó kéré tán, tàbí ẹ̀tọ́ ìbò tó tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Láti oṣù karùn-ún 2023 ni àkọsílẹ̀ yẹn ti wà ní gbangba. Àṣà kí èèyàn fi orúkọ awakọ̀ rẹ̀ gba ìpín, kí òun fúnra rẹ̀ fara pamọ́, kò bá òfin mu mọ́.

Fún àwọn ará wa ní London tàbí Houston: ilé-iṣẹ́ tí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́hùn-ún kò fún yín ní ohunkóhun ní Nàìjíríà, orúkọ náà kò sì sí lọ́wọ́ yín níbí. Kí ilé-iṣẹ́ òkèèrè tó lè ṣòwò ní Nàìjíríà, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ níbí. Bí onípìn-ín bá sì jẹ́ àjèjì, owó ìpín tí CAC ń béèrè ti di ₦100,000,000. Ọmọ Nàìjíríà tó tún ní pásípọ́ọ̀tì Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe àjèjì. NIN rẹ̀ ni kí ó fi wọlé.

Lẹ́yìn tí sátífíkéètì bá dé

Business name: ìjábọ̀ ọdọọdún kò gbọdọ̀ kọjá ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà, ọdún tí ẹ forúkọ sílẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda. Limited: ìpàdé gbogbogbòò àkọ́kọ́ láàárín oṣù 18 tí ẹ dá a sílẹ̀, ìjábọ̀ láàárín ọjọ́ 42 lẹ́yìn ìpàdé, ilé-iṣẹ́ kékeré kò ní láti ṣe ìpàdé náà, ìjábọ̀ ni kò gbọdọ̀ fò. Ẹni tí kò bá fi ránṣẹ́ máa san ìtanràn, àkọsílẹ̀ CAC á sì pe òwò rẹ̀ ní "Inactive" lójú gbogbo ẹni tó bá wò ó, títí kan báńkì àti ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá fi ránṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá léra lè rí i kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Owó orí ti business name jẹ́ ti ẹni tó ni ín. Ní Èkó, LIRS, àjọ agbowó-orí ìpínlẹ̀ náà, ló ń gbà á. Láti oṣù kìíní 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí wọ́n ń gba orí lé kò ní owó orí lórí mọ́. Limited ń jábọ̀ fún NRS, àjọ agbowó-orí ìjọba àpapọ̀ tí ń jẹ́ FIRS tẹ́lẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jábọ̀ kódà lọ́dún tí kò ní san kọ́bọ̀. Ibí ni owó akántáǹtì ti ń wọlé, ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ iye tí Limited máa ná yín.

Ní báńkì, business name nílò sátífíkéètì, ìwé ipò òwò (status report) láti CAC, ìdánimọ̀ àti BVN. Limited nílò gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìṣàkóso rẹ̀ àti ìpinnu àwọn olùdarí tó sọ ẹni tó lè buwọ́ lu ìwé. Oníṣòwò ọkọ̀, oníṣòwò ilé àti ilẹ̀, oníwúrà àti onílé-ìtura máa rí i pé báńkì tún béèrè ìwé SCUML, ìyẹn ìwé ẹ̀ka tó ń gbógun ti fífọ owó ìdọ̀tí, tí EFCC ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ìjọba: ọ̀pọ̀ nínú wọn ń béèrè ìwé owó orí ọdún mẹ́ta lórúkọ ilé-iṣẹ́. Ẹni tó ń fojú sọ́nà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó tètè gba Limited, torí ọdún mẹ́ta kò ṣeé rà.

Ta ló ni orúkọ gan-an?

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, BN tàbí RC kò sọ ọ́ di pé orúkọ náà jẹ́ tiyín lójú ọjà. CAC kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn fi irú rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Kò kọjá bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dáàbò bo orúkọ lára ìgò, lára ọṣẹ, lára aṣọ ni trademark, àmì òwò, tí ọ́fíìsì tirẹ̀ wà ní Abuja lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí òwò, tí kò sì sí lábẹ́ CAC. Ìsọ̀rí 45 ni wọ́n pín ọjà àti iṣẹ́ sí: ọṣẹ àti ìpara wà ní ìsọ̀rí 3, aṣọ àti bàtà ní 25, ìyẹ̀fun, búrẹ́dì àti tíì ní 30. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ni ẹ máa san owó fún. Wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn wọn kí ẹni tó bá ní ẹ̀hónú lè sọ ọ́ láàárín oṣù méjì. Bó bá yọrí, ọdún 7 ló máa kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà ẹ ó máa tún un gbà ní ọdún 14, 14.

Aránṣọ tó ń ránṣọ fún oníbàárà ìtòsí kò nílò rẹ̀ lónìí. Ẹni tó ń fi orúkọ sára ọjà tó ń lọ sí ìlú mìíràn nílò rẹ̀ ju Limited lọ. Bí owó kò bá tó fún méjèèjì, tí òwò rẹ̀ kò sì sí lára àwọn tí a ní kó gba Limited lókè, a óò sọ fún un pé kí ó gba business name àti trademark.

Ní kúkúrú nípa àwọn yòókù: LLP (Limited Liability Partnership), tí ó kéré tán alájọṣe méjì ń dá sílẹ̀, dára fún àwọn amọṣẹ́ tó fẹ́ jọ ṣiṣẹ́ láìsí ìpín, tí gbèsè òwò kò sì ní wọlé wọn. Ìjọ, ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ àti àjọ àánú kò ní nǹkan ṣe nínú méjèèjì tí a ń fi wéra. Incorporated Trustees ni tiwọn.

Ṣé kí ẹ fúnra yín ṣe é?

Business name: bẹ́ẹ̀ ni. Fóònù tó dára àti ọ̀sán kan ti tó. Limited ẹlẹ́nì kan: ó ṣeé ṣe, tí ẹ bá fara balẹ̀. Limited ẹlẹ́ni púpọ̀: ẹ gba lọ́yà, akántáǹtì tàbí akọ̀wé ilé-iṣẹ́ tí CAC mọ̀ sí aṣojú, kí ẹ sì béèrè ohun mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó san owó tó kù: sátífíkéètì, ìwé ipò ilé-iṣẹ́, ìwé ìṣàkóso, àti ọ̀rọ̀ aṣínà àkáùntì tó fi forúkọ sílẹ̀. Ẹ ka orúkọ àwọn olùdarí lórí ìwé ipò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí orúkọ tí ẹ ò mọ̀, tàbí ímeèlì tí kì í ṣe tiyín, ẹ ní kó tún un ṣe lójú ẹsẹ̀.

Láti business name bọ́ sí Limited

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú business name kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Bí òwò bá dàgbà, ẹ máa béèrè orúkọ kan náà pẹ̀lú Limited níparí, ẹ ó fi ìwé ìyọ̀ǹda ti ara yín gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni BN náà sí i, ẹ ó sì ṣèlérí láti dá BN dúró. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tuntun ni. Kò jogún àkáùntì, ẹ máa ṣí òmíràn. Kò jogún nọ́ńbà owó orí, kò jogún ọdún tí ẹ ti ń san án. Nọ́ńbà NAFDAC, àdéhùn ilé tí ẹ yá, ìwé ọkọ̀ àti trademark, ẹ máa gbé wọn wọ inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé. Gbèsè tí ẹ jẹ lábẹ́ business name kò ní bá yín ré kọjá sí ẹ̀yìn ògiri. Ti ara yín náà ló ṣì jẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìyípadà náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, nígbà tí ìwé owó orí kan ti parí tí òmíràn kò tíì bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi àkáùntì àtijọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí fún bí oṣù mẹ́ta, nítorí àwọn oníbàárà kan wà tó jẹ́ pé nọ́ńbà ọjọ́sí ni wọ́n ṣì máa sanwó sí.